Bí Ìyá Mi Ṣe Kúrò Nídìí Èéfín

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì lè dá wa ọkọ̀ kọjá ẹnu odò, èéfín ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti délé. Orí òpó nínú omi ni gbogbo ilé abúlé wa wà, kò jìnnà sí Awoye, gbogbo wọn sì jọra. Ṣùgbọ́n èéfín ilé tiwa kì í dáwọ́ dúró. Bàbá mi mọ ẹja pa. Ohun tí ó bá kó bọ̀, ìyá mi ni yóò yan án. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà létí òkun mọ̀ ọ́n: ẹja ṣawa kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a kò bá tètè tò ó sórí iná, yóò bàjẹ́.

Iṣẹ́ tèmi ni láti lọ ṣẹ́ igi ẹ̀gbà tí a fi ń dáná wá láti inú ẹrẹ̀. Bí mo bá parí, mo lè bá àwọn ẹgbẹ́ mi bẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé sínú odò títí ojú wa yóò fi pọ́n. Ẹni tí ó bá pẹ́ nínú omi, ìyà rẹ̀ ni kí ó gbọ́n omi inú ọkọ̀ gbẹ. Bí ọkọ̀ náà bá ti gbẹ tẹ́lẹ̀, bàbá mi yóò kọ́kọ́ bu omi sí i kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́, a ó jẹ púpurú, oúnjẹ gbágùúdá tí a fi èéfín gbẹ, pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó, ẹja inú rẹ̀ kò ní níye. Púpurú náà ń rùn èéfín, aṣọ wa ń rùn èéfín. Èmi kò mọ̀ pé nǹkan kan wà láyé tí kì í rùn èéfín.

Ojú ìyá mi ni ó kọ́kọ́ sọ fún wa pé èéfín náà ti pọ̀ jù. Ó máa ń pọ́n, omi ń dà nínú rẹ̀, pàápàá ní òwúrọ̀. Nígbà tí ó yá, èmi ni ó ń pè kí n bá òun ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì tí ó máa ń bá ọkọ̀ wá gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ wo ojú náà, ó sì sọ fún bàbá mi pé bí obìnrin yìí kò bá kúrò nídìí èéfín, ojú rẹ̀ yóò fọ́.

A jẹun tán. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi bi ìyá mi.

“Bí o bá kúrò nídìí ẹja, ìdí kí ni o fẹ́ jókòó sí?”

“Ìdí búrẹ́dì,” ni ìyá mi wí.

Ìyá bàbá mi, tí a ń pè ní Ìyá àgbà, rẹ́rìn-ín. Ó ní búrẹ́dì lórí omi, kí a máa wò ó.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nígbà tí ìyá mi wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin, ó gbé ní Ṣàpẹlẹ lọ́dọ̀ obìnrin kan tí ń ṣe búrẹ́dì àti páì tà. Ó kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa kí ó tó wá fẹ́ bàbá mi, ààrò ẹja ni ó sì bá pàdé nílé ọkọ. Bàbá mi gbà kí ó dán an wò títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà kò bá lè dá dúró nígbà náà, kí ó padà sídìí ẹja. Kì í ṣe ìkà ni ó fi sọ ọ́. Ẹnu tí ń jẹun nílé wa pọ̀.

Orí ààrò ẹja ni ìyá mi ti kọ́kọ́ dán ọwọ́ rẹ̀ wò. Búrẹ́dì náà ń rùn ṣawa. Àwọn apẹja tí wọ́n rà á kò bínú. Wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀, búrẹ́dì tí ó mú ẹja tirẹ̀ dání. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a wá dírọ́ọ̀mù irin kan, a bu iyanrìn àti amọ̀ sínú àpótí pákó ńlá kí ilé má baà jóná, a dá dírọ́ọ̀mù náà dùbúlẹ̀ lé e, ó di ààrò búrẹ́dì. Ẹyin iná wà lábẹ́, ẹyin iná wà lórí. Ẹyin iná tí ó ti jó tán kì í rú èéfín. Ohun tí ó ń wá gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n búrẹ́dì kò wú. Ó kàn jókòó sínú agolo bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí. Ìyá mi pààrọ̀ ìwúkàrà, ó pààrọ̀ fúláwà, ó gbé e síbi tí ó móoru, ó fi aṣọ bò ó. Kò gbọ́. Ìyá Yẹmí, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, na ọrùn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó béèrè bóyá òun lè rí ọ̀kan fi ṣe ìdákọ̀ró ọkọ̀ òun.

Ìyá àgbà ni ó bù ú jẹ lọ́jọ́ kan, ó mu omi, ó tún mu omi. Ó wá wo ìyá mi.

“Ìyàwó mi, ìwọ tí o kì í fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, ta ni ó ní kí o fi sí búrẹ́dì?”

Ẹni tí kò bá gbé lọ́dọ̀ wa lè má mọ ohun tí ó ń sọ. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọ inú odò wa. Omi òjò inú ìkòkò a ti tán, omi oníyọ̀ náà ni a fi ń se oúnjẹ. Kò sí obìnrin abúlé wa tí ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ nígbà náà. Wọn kì í rò ó, ọwọ́ wọn ni ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n omi Ṣàpẹlẹ kò ní iyọ̀. Bí ọgá rẹ̀ ṣe ń wọn iyọ̀ síbẹ̀ ni ìyá mi ń wọ̀n ọ́n sínú omi tiwa, iyọ̀ méjì sì pa ìwúkàrà. Ìyá mi jókòó sórí pákó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ náà, kì í ṣe èéfín ni ó fà á.

Ní ọjọ́ kejì, búrẹ́dì wú.

A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ọkọ̀ kan wà tí ń kó búrẹ́dì wá láti Igbókòdá, búrẹ́dì rẹ̀ tóbi, kò sì wọ́n. Àwọn ènìyàn ra tiwa nítorí ojú, wọ́n ra ti ọkọ̀ náà nítorí ikùn. Ìyá mi kò bá wọn jà. Ó ní òun yóò ṣe ohun tí ọkọ̀ yẹn kò lè gbé. Ohun náà ni páì tí ara rẹ̀ máa ń ṣí ní ìpele ìpele bí ewé ìwé, irú èyí tí ọgá rẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í sábà ṣe nítorí wàhálà rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gbé e la ìgbì kọjá láti Igbókòdá, ẹ̀rúnrún ni yóò dé ọ̀dọ̀ wa.

Iṣẹ́ rẹ̀ le. A ó fi ìgò yí fúláwà tí a pò títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, a ó tẹ́ bọ́tà sí i, a ó ká a, a ó tún yí i, a ó tún ká a. Bọ́tà náà gbọ́dọ̀ tutù. Bí ó bá yọ́, ìpele kò sí mọ́, páì náà yóò sì le bí èèpo alákàn. Ta ni ó ní ẹ̀rọ amómitutù lábúlé wa nígbà náà? Bọ́tà inú agolo tiwa, epo ni ó ń jẹ́ kí oòrùn tó kanrí.

A jẹ páì líle. A jẹ páì tí ó jóná. A jẹ èyí tí ìdí rẹ̀ ya tí ẹja inú rẹ̀ dà sínú ààrò. Kò sí ọmọ kan nílé wa tí ebi pa ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, ṣùgbọ́n ìyá mi ń rù. Ó ṣì ń yan ẹja bàbá mi pẹ̀lú, ojú rẹ̀ sì ń pọ́n sí i.

Àmù ni ó gbà á. Àmù omi wa máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ń gbà, omi inú rẹ̀ a máa tutù bí ẹni pé wọ́n bu yìnyín sí i. Ìyá mi di agolo bọ́tà náà pinpin, ó rì í sínú àmù. Ó rì ìgò tí ó fi ń yí fúláwà pẹ̀lú. Ó wá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìdájí kí oòrùn tó yọ. Ní òwúrọ̀ kan, ó ṣẹ́ páì kan sí méjì, a sì gbọ́ ìró rẹ̀. Ó ṣí ní ìpele, ẹja ọ̀bọ̀kún àti ata wà láàárín. Ó gbé ààbọ̀ kan fún Ìyá àgbà, tí eyín rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ìyá àgbà jẹ ẹ́ tán, ó na ọwọ́ fún ààbọ̀ kejì.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí obìnrin kan tí ó fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ ní ìjọ abúlé kejì. Ó wá, ó tọ́ ọ wò, ó ní kí ìyá mi ṣe é fún gbogbo àlejò òun. Òjò ti ń ṣú nígbà náà. Gbogbo wa nílé mọ̀ pé èyí ni ìkẹyìn. Bí ó bá bàjẹ́, ìdí èéfín ni ìyá mi ń padà sí.

Ní òwúrọ̀ ìgbéyàwó náà, páì àkọ́kọ́ ti wà nínú ààrò, ìyókù wà lórí tábìlì, ni bàbá mi dé láti òkun. Ọkọ̀ rẹ̀ kún fún ṣawa dé etí. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn náà, kò pa irú rẹ̀. Ìyá mi jáde sí ẹnu ọ̀nà, fúláwà ti mú ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgúnpá. Bàbá mi wo ẹja, ó wo ìyá mi. Ẹja náà kò ní lè dúró di ọ̀sán. Bọ́tà náà kò ní lè dúró.

“Bàbá Olú,” ni ìyá mi wí, “ọwọ́ méjì péré ni mo ní.”

Ìyá àgbà ni ó sọ̀rọ̀ láti inú ilé, kò tilẹ̀ dìde.

“Ẹja kù nínú òkun. Ojú kò kù níbì kan.”

Bàbá mi yí orí ọkọ̀ padà, ó wà á lọ sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Yẹmí, ó ní kí ó bá òun yan án kí wọ́n jọ pín in. Nígbà tí ó padà dé pẹ̀lú ọkọ̀ òfìfo, ó ní kí n mú ọṣẹ wá. Mo rò pé ó fẹ́ wẹ̀ ni. Ọkọ̀ ni ó ń fọ̀. Bàbá mi tí ó máa ń sọ pé òórùn ẹja inú ọkọ̀ ni ó ń pe ẹja mìíràn, ó kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwọn tí ń kọjá béèrè bóyá ó fẹ́ tà á ni. Ó tẹ́ ẹní tuntun sí i, a to páì náà lé e, òun fúnra rẹ̀ sì gbá àjẹ̀ mú. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé bàbá mi lè rọra wa ọkọ̀.

Kò sí èyí tí ó fọ́. Kí a tó tú okùn ọkọ̀ láti padà sílé, àwọn ìyá méjì mìíràn ti wá bá ìyá mi sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ tiwọn.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, bàbá mi tú pẹpẹ tí a fi ń yan ẹja, ó fi pákó rẹ̀ dáná búrẹ́dì. Ní ọjọ́ kan tí mo ń bọ̀ láti ibi igi, mo wa ọkọ̀ kọjá ilé wa títí mo fi dé ìpẹ̀kun abúlé. N kò rí èéfín.

Páì yẹn náà ni ó rán mi lọ sí ilé ìwé, nígbà tí mo ti ga ju tábìlì olùkọ́ lọ. Ìyá mi ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ títí di ọdún tí ó kú.

Lónìí, òkun ti gba ibi tí ilé náà wà. Igbókòdá ni mò ń gbé, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, èmi àti ọmọ mi obìnrin, Ẹniọlá, láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ. Nínú ilé ìdáná wa ni ó ti ń ṣe kéèkì àti páì tà, iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi jẹun nìyẹn. Fóònù ni ọgá rẹ̀. Ní àìpẹ́ yìí, ó dojú kọ kírósáǹtì, búrẹ́dì onípele tí bọ́tà inú rẹ̀ ju ti páì lọ. Ó ní fíríìjì, ṣùgbọ́n iná kì í dúró. Mo gbọ́ tí ó ń bá bọ́tà wí. Mo lọ ra àmù ní ọjà, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, mo bu omi sí i, mo sì sọ ìtàn yìí fún un.

Ó béèrè pé báwo ni iyọ̀ tí ìyá mi ń fi sí i ṣe máa ń pọ̀ tó. Mo ní kì í fi sí i. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti pálọ̀. Ìpele rẹ̀ pé. Ó gbé ààbọ̀ fún mi, àwa méjèèjì jẹ ẹ́, a sì wo ara wa. Kò ní adùn kankan.

“Bàbá mi, omi wo ni wọ́n fi ń pò ó?” ni ó béèrè.

Mo wo àpò omi rírà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó mọ́ bí gíláàsì. Mo sọ fún un pé ní ìgbà tiwa, òkun ni ó ń bá wa fi iyọ̀ sí i. Ní báyìí, ọwọ́ ara ẹni ni.

Ó nawọ́ gbé agolo iyọ̀.