Owó Ìtọ́jú Kì í Ṣe Èésú

Gìrì ló sọ mí di alágídí. Ọmọ mi kejì kò tíì mọ̀ ọ́n rìn nígbà náà. Ara rẹ̀ á ṣàdédé gbóná, ojú rẹ̀ á yí, ọwọ́ rẹ̀ á le bí igi. Owó oṣù ọkọ mi ní yunifásítì kì í sì í bọ́ sí àkókò.

Nọ́ọ̀sì àgbà ibùdó ìlera ìtòsí wa ló bá àwa ìyàwó agboolé wa ní Ìrẹmọ ṣe àdéhùn: ká máa dá owó díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ká máa kó o fún wọn lóṣooṣù. Ọmọ ẹni tó bá ṣàìsàn nínú wa, wọn á tọ́jú rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ mọ́. Àdéhùn yẹn ni mo fọkàn lé.

Nígbà tí òjò dé, èmi ni mò ń gbé ọmọ lọ síbẹ̀ ṣáá. Níjọ́ kan tá a fẹ́ dáwó, Ìyá Ìbejì, ìyálé gbogbo wa, di owó tiẹ̀ mọ́wọ́.

"Ìyàwó, ìgbà wo ló máa kan èmi?"

"Láti ṣe kí ni, mà?"

"Láti kó. Ìwọ ti kó, o tún kó. Àwọn ìbejì mi ò tiẹ̀ wúkọ́."

Ẹnì kan ní, "Ẹ ní kí wọ́n wúkọ́ díẹ̀, mà, kó lè kàn yín."

"Ọmọ tìẹ ni yóò bá ẹ wú u."

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé àwọn tí ara ọmọ wọn le ń mi orí. Bí kò bá ní í kàn wọ́n, àwọn náà ò ní í dá a mọ́.

Mo kúnlẹ̀. "Mà, àmù ẹnu ọ̀nà yìí, gbogbo wa là ń pọnmi sí i. Ta ló ń gba omi tiẹ̀ padà?"

"Èmi náà ń mu níbẹ̀, ìyàwó. Ṣé kí n wá mu gìrì ni?"

Òótọ́ ló sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo pọn ọmọ, mo lọ bá nọ́ọ̀sì. "Ẹ bá mi yẹ àwọn ọmọ tí ara wọn dá wò náà, mà."

"Ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe?"

"Ìyá wọn fẹ́ kó tiẹ̀ ni, mà. Bí ò bá kó o, àdéhùn wa tán nìyẹn."

Ó ní kí n mú wọn wá.

Aṣọ Iléyá ni Ìyá Ìbejì wọ̀ fún wọn. Nọ́ọ̀sì wọ̀n wọ́n, ó wo ojú, ó wo etí, ó tẹ ikùn wọn, ó fún wọn lóògùn aràn.

"Ó tán, mà."

"Ẹ ò tíì wo ẹ̀yìn ọrùn."

Nọ́ọ̀sì wò ó.

Bá a ṣe ń bọ̀, gbogbo ẹni tó kí Ìyá Ìbejì ló ń dá lóhùn pé, "Mo ti kó tèmi." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ tí ń fò sókè sódò ló kún orí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì ní èmi ni mo fa wàhálà yìí bá òun. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Ṣùgbọ́n owó pé.

Nígbà tí ojú ọmọ mi tún yí, ata ni mò ń lọ̀. Kí n tó rí bàtà mi, Ìyá Ìbejì ti pọ̀n ọ́n, ó ti já sí títì.

"Bó o bá rí i," ó ké láti ọ̀ọ́kán, "wá bá wa níbẹ̀."