Ìwé Tí Àbúrò Mi Ń Kà Lẹ́yìn Ọmọ Rẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń yọjú sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, ẹ̀yìn mi yìí ni mo sì fi pọn àbúrò mi ọkùnrin yìí dàgbà. Kí ló wá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ níbẹ̀? Bàtà ló ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni yàrá kékeré tó wà níwájú ilé wa: àpótí ìjókòó, òòlù, abẹ́rẹ́ ńlá, agolo gọ́ọ̀mù tí òórùn rẹ̀ ń dé ilé ìdáná mi, àti bàtà oníbàtà tó kún ilẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Bàtà tó bá rán, ẹsẹ̀ á ti rẹ olówó rẹ̀ kí òwú tó já. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu? Hẹn-ẹn! Bó bá ṣe pé owó ni ọ̀rọ̀, ahun ni àbúrò mi.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ọmọ kan ni wọ́n bí, Tẹ́ẹ́rẹ́ la sì ń pè é, torí pé bó ti wù kó jẹun tó, kì í sanra. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ máa ń kàwé, pàápàá ìtàn ayé àtijọ́ tí nǹkan ti sọnù, tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó mú un. Wọn á máa jiyàn lórí olè náà bí ẹni pé ọlọ́pàá ni wọ́n. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọmọ ọdún mẹ́tàlá panu dé. “Ẹ káàárọ̀ sà.” “Ẹ ṣé sà.” “Ó dàárọ̀ sà.” Ohun tí bàbá rẹ̀ ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò jà o. Wọn ò kàn mọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà dé ọ̀dọ̀ ara wọn ni, ó sì ń dùn mí gan-an.

“Bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀!” mo máa ń pariwo mọ́ ọn.

“Kí ni kí n bá a sọ, ẹ̀gbọ́n mi?”

“Ṣé èmi ni mo bí i ni?”

Á wò mí, á máa lu bàtà rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Tẹ́ẹ́rẹ́ wà nílé ìwé, mo wọ pálọ̀ lọ mú ìgbálẹ̀. Kí ni mo rí? Àbúrò mi jókòó sétí àga, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ nínú ìwé tí ọmọ rẹ̀ yá ní ilé ìkàwé, ètè rẹ̀ ń mì. Bó ṣe rí mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé ìwé náà.

“Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó ń kà ni,” ó ní. “Bí mo bá mọ̀ ọ́n, bóyá mo lè rí nǹkan bá a sọ.”

Omi bọ́ lójú mi. Mo yáa fi ariwo bò ó mọ́lẹ̀, pé ó fi ẹsẹ̀ eléruku tẹ ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

Ìtàn náà dùn o jàre. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú kan ni. Òrùka wúrà adájọ́ sọnù, wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ ru obìnrin tó ń se oúnjẹ fún un, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ọmọ obìnrin náà, tí kò ju Tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, ló wá ń wá olè gidi kiri. Lójoojúmọ́ ni àbúrò mi ń kà á, tó sì ń wá ròyìn rẹ̀ fún mi. Ibi tí ọmọ bá fi páálí sàmì sí lòun náà ń dúró. Ó ní ọmọ ló nìwé, ọmọ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Ọkàn rẹ̀ ò tiẹ̀ sí nídìí iṣẹ́ mọ́. Ó di bàtà ẹsẹ̀ òsì méjì fún tíṣà kan, ọkùnrin yẹn gbé e délé kó tó mọ̀.

“Ológbà tó ń tọ́jú òdòdó adájọ́ ló mú un,” èmi ní tèmi. “Ojú rẹ̀ ò mọ́.”

“Ẹ ò rí ojú ológbà rí, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ṣé dandan ni kí n rí i?”

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ ìdánwò, Tẹ́ẹ́rẹ́ pa ìwé náà tì, sùúrù àbúrò mi sì tán. Ó dìde nídìí iṣẹ́, kò tilẹ̀ fọ gọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́, ó jókòó ti ìwé náà títí ó fi kà á tán. Ló bá sáré wá bá mi nídìí ààrò, àgbàlagbà!

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó adájọ́ ni! Òun fúnra rẹ̀ ló lọ tà á!”

Mo ní irọ́ ni. Ó búra. Inú bí mi nítorí ológbà mi, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti rí i tó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé, lẹ́yìn ìdánwò, òjò ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ mú ìwé rẹ̀, ó fẹ́ ṣí i, kò ṣí. Ojú ewé méjì ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Ó gbé e sí imú. Ó yíjú wo ṣọ́ọ̀bù, àbúrò mi sì ń wo ilẹ̀. Mo ní ó tán! Ìwé ilé ìkàwé! Ìbínú ọmọ yìí á sọ gbogbo wàhálà àbúrò mi di òfo.

Ọmọ náà dìde, ó lọ bá a.

“Bàbá, ẹ̀ ń kà á?”

“Díẹ̀díẹ̀ ni.”

Tẹ́ẹ́rẹ́ na ìwé náà sí i. “Ẹ bá mi là á, ẹ jọ̀ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo dé.”

Àbúrò mi mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tó fi ń gé awọ, ó rọra ń là á, ọmọ sì fara ti èjìká rẹ̀. Ó ya díẹ̀ létí, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.

“Ta lẹ fura sí?” Tẹ́ẹ́rẹ́ bi í.

Lójú fèrèsé tí mo wà, mo fọwọ́ bo ẹnu mi, torí mo mọ ẹnu ara mi. Àbúrò mi họ orí.

“Mi ò tíì mọ̀,” ó ní. “Ìwọ ńkọ́?”

Ni ọmọ náà bá fa àpótí kan sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí òjò fi dá. Ó di ẹ̀bi ru gbogbo ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ń bi í pé, “Kí ló jẹ́ kó o rò bẹ́ẹ̀?” Kò sí ọ̀kan tó tọ̀nà nínú gbogbo ohun tó sọ, bàbá rẹ̀ ò sì tún ìkankan ṣe.