Káàdì Elétí Dúdú

Ní ọdún 1974, bí ènìyàn bá ń wá Ṣùkúrù Rahmon ní Kétu lẹ́yìn ìrun Àsárì, kó má wulẹ̀ yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fọ́tò ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n yà, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ pápá tó wà lójú ọ̀nà Ìkòsí ni ẹ ó ti bá a, kámẹ́rà lọ́rùn, tó ń bẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù pé kí wọ́n dúró dáadáa.

Kì í ṣe àwọn agbábọ́ọ̀lù tí rédíò ń pariwo orúkọ wọn o. Àwọn wọ̀nyẹn ní ìwé ìròyìn tó ń gbé àwòrán wọn. Ìkòsí Stars ni ti Ṣùkúrù, ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ líìgì, níbi tí ojú kì í dé. Ọ̀kan nínú wọn ń lẹ táyà, òmíràn ń ru símẹ́ńtì l'Ójòóta. Ṣùkúrù gbà pé ẹni tí Ọlọ́run fún ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí páálí kan wà láyé tó máa jẹ́rìí sí i. Ló bá ń ṣe káàdì fún wọn. Á tẹ fọ́tò wọn ní kékeré, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, á fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kọ orúkọ sábẹ́ rẹ̀, àti ọdún tí olúwarẹ̀ wọ ẹgbẹ́. Á wá fa ìlà kékeré síwájú ọdún náà, kó lè kọ ọdún tí onítọ̀hún bá kúrò sí i nígbà tó bá yá. Méjì méjì ló ń ṣe é: ọ̀kan fún agbábọ́ọ̀lù, ọ̀kan tí yóò fọwọ́ sí fún un. Ọ̀kan wà tí kò mọ̀wé, ìka ló tẹ̀ sí tirẹ̀, ó sì ń fi ìka náà yangàn ju àwọn tó kàwé lọ.

Modinat ìyàwó rẹ̀ kò rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. “Ká ní fọ́tò obìnrin lò ń kó jọ, ǹ bá mọ ẹni tí mo fẹ́ bá jà. Géńdékùnrin tí iyẹ̀pẹ̀ kún itan wọn lò ń kó wọlé fún mi.”

“Ìyá Karimot, ìtàn ni mò ń tọ́jú.”

“Ìtàn ò ṣeé fi sebẹ̀, Bàbá Karimot.”

Ọjọ́ tí wàhálà dé, páálí ló tán. Ṣùkúrù wo kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó rí àwọn kan tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ ìsìnkú kan: inú wọn funfun, etí wọn dúdú yí ká. Ẹbí òkú ti ní fọ́tò ńlá làwọn fẹ́, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Ó rántí pé dúdú àti funfun ni jẹ́sì Ìkòsí Stars. “Ó kúkú bá wọn mu,” ló wí fún ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe fọ́tò òkú lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ kì í rí òkú mọ́. Páálí ló ń rí.

Kípà ẹgbẹ́ náà, Ẹkúndayọ̀, ló kọ́kọ́ kàn. Ṣùkúrù lẹ ojú rẹ̀ mọ́ àárín etí dúdú, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ 1973, ó fa ìlà. Inú ọmọ náà dùn. Ó fọwọ́ gàdàgbà sí ọ̀kan, ó ti èkejì bọ àpò ṣòkòtò. Àpò náà ni ìyá rẹ̀ ti bá a nígbà tó ń fọṣọ.

Ìyá Ẹkúndayọ̀, tí ìjọ mọ̀ sí Màmá Cecilia, ará apá Ọ̀yọ́ ni, ata ló ń fi ẹ̀rọ lọ̀ fún aráàlú lẹ́bàá títì. Ọmọ mẹ́ta ló sin kó tó bí èyí; orúkọ ọmọ náà ti sọ ọ́. Nígbà tó rí ojú ọmọ rẹ̀ láàárín dúdú, tí ọdún kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí ìlà sì ń retí ọdún mìíràn bíi ti káàdì òkú, inú omi ọṣẹ ló jókòó sí. Ó ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ tẹ pápá mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa pàdé ẹgbẹ́ Ojòóta ní Sátidé, ẹni tó bá borí ló máa gòkè. Kóòṣì Ògúntúndé já wọ ṣọ́ọ̀bù.

“Ṣùkúrù, o ti pa mí. Ìyá kípà ti tìlẹ̀kùn mọ́ ọn.”

“Kóòṣì, àwọ̀ jẹ́sì ni mo ní lọ́kàn o.”

“Lọ sọ ọ́ fún ìyá ọlọ́mọ. Bí ọmọ yẹn ò bá sí lójú ilé góòlù ní Sátidé, n kò gbọdọ̀ rí kámẹ́rà rẹ lórí pápá mi mọ́.”

Ṣùkúrù mú Modinat dání lọ sọ́dọ̀ Màmá Cecilia. Ìyá kò pa ẹ̀rọ ata. Ṣùkúrù dọ̀bálẹ̀ sórí èèpo ata.

“Màmá, ẹ dárí jì mí!”

“Kí lo wí?”

“Mo ní ẹ dárí jì mí!”

“Ẹ̀rọ ò jẹ́ n gbọ́. Sọ ọ́ sókè, kí àwọn ará Mile 12 náà lè gbọ́.”

Ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há, kí ìyá tó pa ẹ̀rọ. “Ta ló rán ọ sí mi?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi, Màmá. Àìronú ni.”

Modinat kúnlẹ̀. “Màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ọkọ mi kì í ṣe ìkà. Bọ́ọ̀lù ló wà níbi tó yẹ kí ọpọlọ wà.”

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu ìyá, ó gbé e mì. Ṣùkúrù na káàdì tí ọmọ náà fọwọ́ sí àti fíìmù rẹ̀ sí i. “Ẹ jó o níná, Màmá.”

“Kí n jó ojú ọmọ mi níná?”

“Tàbí kí n fà á ya...”

Modinat já a léèékánná.

Ọ̀rọ̀ wá di kàkà. Wọn kò lè jó o, wọn kò lè ya á, wọn kò sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá wọlé lọ mú èkejì wá, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì. “Gé dúdú yẹn kúrò.” Ṣùkúrù gé e. Ìbuwọ́lù ọmọ náà ti gun orí etí dúdú, ìdajì rẹ̀ bá a lọ. Ìyá fi bàtà tẹ àwọn dúdú náà mọ́ inú omi ata títí wọ́n fi di ẹrẹ̀.

“Ó máa gbá a,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òpó góòlù rẹ̀ ni ìwọ máa dúró sí, láìmú kámẹ́rà. Ìwọ lo kọ ikú rẹ̀ sílẹ̀, ìwọ ni wàá ṣọ́ ọ, ìwọ ni wàá sì mú un padà wá fún mi. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ́ lásán, ọ̀dọ̀ rẹ ni mò ń bọ̀.”

Ní Sátidé, Ṣùkúrù kò rí bọ́ọ̀lù wò. Bàtà àwọn ará Ojòóta nìkan ló ń rí. Gbogbo ìgbà tí eruku bá sọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo àdúà tó mọ̀.

“Bọ̀dá Ṣùkúrù, ẹ mí o,” Ẹkúndayọ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. “Èmi ni mò ń gbá a, ẹ̀yin lẹ̀ ń làágùn.”

Ó ku díẹ̀ kí fèrè dún, kò sẹ́ni tó tíì jẹ góòlù. Ọmọ Ojòóta kan tó sígbọnlẹ̀ já mọ́ àwọn adìlémú lọ́wọ́, òun nìkan, ó ń bọ̀ tagbáratagbára. Ibi tí Ẹkúndayọ̀ ti yàtọ̀ sí àwọn kípà yòókù nìyí: á fò jáde, á dùbúlẹ̀ lé bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹni náà gan-an. Ó ti gbéra. Ṣùkúrù rí bàtà, ó rí orí ọmọlọ́mọ, ó sì pariwo:

“Má jáde!”

Ẹkúndayọ̀ dúró, bí ẹni tí wọ́n pè láti ilé. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé.

Ó fà á jáde nínú àwọ̀n nígbà tí àwọn ará Ojòóta ń jó. Ó wo Ṣùkúrù. “Ẹ̀yin lẹ pariwo yẹn?”

“Èmi ni.”

Ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

Ṣùkúrù sì gbọdọ̀ dá a padà fún ìyá rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn. Wọ́n jọ rìn dé ilé. Ìyá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó fọwọ́ pa apá, ó fọwọ́ pa orúnkún, ó bú sí ọpẹ́. “Ṣùkúrù, Ọlọ́run á bá ọ ṣọ́ tìrẹ náà. Ẹ borí?”

“Wọ́n nà wá, Màmá.”

“Ẹ ṣeun, Jésù,” ìyá wí.

Ẹkúndayọ̀ gba àárín wọn kọjá, ó wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn. Ìyá fa àpótí síta, ó bu omi tútù, ó ní kí àlejò òun jókòó kó mu ún. Ṣùkúrù jókòó. Kò sí bó ṣe fẹ́ kọ omi ìyá, ó sì ń gbọ́ ọmọ náà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, tó ń fi bàtà bọ́ọ̀lù na ògiri, lọ́kọ̀ọ̀kan.