Ẹni tó ń pe Kòfó

Kòfowórọlá alágbàfọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń ta ẹ̀pà ní Ìdí-Àràbà, kì í bẹ̀rù èèyàn. Nọ́ọ̀sì tó bá ní aṣọ òun kò funfun tó, Kòfó á ní, "Ẹ gbé e síta oòrùn kẹ́ ẹ tún ojú nù, ẹ̀gbọ́n." Àmọ́ ohùn kan wà tó ń lé e kiri.

Ọ̀sán gangan ni, tó bá ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Ohùn náà á pè é lẹ́yìn: "Àníkẹ́." Jẹ́jẹ́ báyìí. Á bojú wẹ̀yìn, kò ní rí ẹnì kankan.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í dáhùn ìpè ẹni tí a kò rí. Wọ́n ní ẹni tó bá dáhùn ti bá òkú lọ nìyẹn.

"Ìyá Láyí, orúkọ mi kọ́," Kòfó sọ fún mi. "Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Àníkẹ́. Wọ́n ṣi ẹni pè ni."

"Kí wọ́n máa ṣì í lọ. Má dáhùn o!"

Torí ẹ̀ ló ṣe kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tó ní tẹ́lẹ̀ ní Mushin. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ohùn náà bá a dé. Kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í gbàdúrà. Rédíò ló ń yí sókè kó má baà gbọ́ ọ.

Àfi bí àbúrò ìyá rẹ̀ ṣe dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó wá tọ́jú ojú. Màmá yẹn kàn yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Àníkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi!"

Kòfó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Ta ló sọ orúkọ yẹn fún yín?"

"Ìyá ẹ ni. Inú oyún ló ti ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó bí ọ ló kú, kò sì sẹ́ni tó tún pè ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Kòfó bá sọ ti ohùn náà. Mo ké, "Hà! Ìyá ẹ ló fẹ́ mú ọ lọ!"

Màmá yẹn mi orí. "Ìyá ẹ kò mọ Èkó, kò lè wá ọ débí. Ẹlòmíì wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ nígbà tí ìyá ẹ ń bá ikùn sọ̀rọ̀. Ọlọ́run ni. Tó bá tún pè ọ́, dá a lóhùn."

"Tí mo bá kú ńkọ́, mà?"

Màmá ti ń lọ rí dókítà ojú.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èmi kò gbọ́ nǹkan kan o. Ojú Kòfó ni mo rí tó yí padà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Kòfó, má dán an wò!" Ó já ọwọ́ gbà.

"Èmi nìyí, sà."

Ó jókòó sílẹ̀, ó dijú, ó ń retí ikú. Èmi náà ń retí ẹ̀ fún un. Òórùn aṣọ tó ń jó ló ta wá jí. Áyọ́ọ̀nù ti jẹ àyà aṣọ nọ́ọ̀sì.

Kò kú. Ṣùgbọ́n ohùn náà kò pè é mọ́ láti ìgbà yẹn. Ó ti pa rédíò. Tó bá di Sunday, á lọ jókòó sẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lápá Costain. Kì í kọrin, ó kàn ń dẹ etí.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?" mo bi í.

"Ìyá Láyí, ó mọ̀ mí látinú ikùn. Èmi ni mi ò tíì mọ̀ ọ́n."