Àwọn Lẹ́tà Orí Agolo Tòmátì

Ọ̀gá ilé-ìwé kọ̀wé sí wa pé tí ọmọ wa kò bá lè sípẹ́ẹ̀lì ọ̀rọ̀ kankan kí táàmù tó parí, kí á má wulẹ̀ mú un padà wá mọ́. Ìwé náà kò le rárá. Ẹ̀bẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Àìsàn kan ṣe é láti kékeré, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo débi pé èmi àti bàbá rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tó bá ń sọ. Kò lè di pẹ́ńsù mú, kò sì lè dá olùkọ́ lóhùn. Ta ló wá lè mọ̀ bóyá ó mọ̀wé tàbí kò mọ̀ ọ́n?

Èmi fẹ́ mọ̀. N kì í rí ohun tí wọ́n dé mọ́lẹ̀ kí n má ṣí i wò, bàbá rẹ̀ a sì máa sọ pé ọjọ́ kan ni màá ṣí ohun tí yóò bù mí jẹ. Kanpámà là ń gbé nígbà náà, ní Gáńbíà, nígbà tí Banjul ṣì ń jẹ́ Bathurst, mo sì ní ìsọ̀ lọ́jà tí mo ti ń ta ìrẹsì, ṣúgà, ọṣẹ àti tòmátì alágolo. Ohun tó bá kù nínú ìsọ̀ náà ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò. Mo gé páálí mílíìkì wẹ́wẹ́, mo kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí i, mo ní kí ọmọ máa tò wọ́n. Bó bá fọwọ́ kan ọ̀kan, mẹ́ta á fò lọ sílẹ̀. Mo tún lẹ lẹ́tà mọ́ ìdérí ìgò mínírà, àwọn yẹn sì ń yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àpò ìrẹsì. Inú bí mi, mo dọ̀bálẹ̀ mo ń wá wọn, ọmọ náà sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Gbogbo nǹkan tí a ń fún un nínú ilé ló fúyẹ́. Ife rẹ̀ fúyẹ́, ṣíbí rẹ̀ fúyẹ́. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ta ni yóò gbé ẹrù lé e lórí?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti oníbàárà kan ń nájà. Nígbà tí mo yíjú padà, ọmọ mi ti kó àwọn irin òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ṣúgà, ó ti tò wọ́n láti orí èyí tó tóbi jù dé orí èyí tó kéré jù, wọ́n sì gún régé. Ó ṣì ń gbé ọ̀kan lọ́wọ́. Ọwọ́ náà kò gbọ̀n tó bó ṣe máa ń gbọ̀n. Mo gba irin náà, mo fún un ní ìdérí mínírà: ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo dá irin padà fún un: ọwọ́ rọlẹ̀. Mo ṣe é tó ìgbà mẹ́wàá. Oníbàárà náà dúró títí ó fi bínú lọ, n kò tilẹ̀ pè é padà. N kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà, n kò sì mọ̀ ọ́n tán títí di òní, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọwọ́ ọmọ mi fẹ́ ẹrù. Àwa tí à ń ṣàánú rẹ̀ la sì ń gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ di alágbẹ̀dẹ. Mo ní rárá, agolo tòmátì kékeré ni màá lò. Aládùúgbò wa kan, bíríkìlà ọmọ Wólọ́ọ̀fù, ló po sìmẹ́ńtì fún mi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun kò rí ẹni tó ń rẹ́ ilé tòmátì rí, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló rọ ọ́ sínú wọn, tó ń sọ fún mi pé *ndànk ndànk*, kí n má kánjú. Nígbà tó gbẹ, mo fi ọ̀dà dúdú kọ lẹ́tà sójú wọn.

Mo kọ lẹ́tà ńlá. Ọmọ gbé ìwé rẹ̀ wá, ó ń tọ́ka sí lẹ́tà kéékèèké. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Mo ṣe *e* kan ṣoṣo, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan kò lè ní méjì. Èyí tó burú jù ni pé agolo rí roboto, kò ní orí, kò ní ìdí. Bí *n* bá yí po, ó di *u*. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi ń bá ọmọ wí pé kò fọkàn sí i, títí ó fi sunkún. Ìgbà náà ni mo tó lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí mo wo tábìlì láti ibi tó ti ń wò ó. Ó gbà á. Èmi ni mo ṣì í. Ojú tì mí gan-an. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì fi ọ̀dà pupa fàlà sí ìdí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Láti ìgbà náà, bí mo bá gbé ọṣẹ sókè, yóò to ọṣẹ lédè òyìnbó. Bí mo bá gbé iyọ̀, yóò to iyọ̀. Ó ń ṣì í o, ó ń ṣì í dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣì lónìí kì í ṣì í lọ́la.

Lọ́jọ́ ìdánwò, òjò ti sọ Kanpámà di odò. Mo ru agolo náà nínú báàfù, ọmọ di ìró mi mú, a la omi kọjá títí a fi dé ilé-ìwé ní Jollof Town. Àkú ni ọ̀gá náà, obìnrin ìran àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú nígbà kan, ó kí mi pé "kúṣẹ́", bí àwọn baba ńlá wọn ṣe gbé e kúrò lọ́dọ̀ tiwa. Ó pe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Ọmọ mi gba méje, ó ṣi mẹ́ta.

Ọ̀gá wá gbé agolo kan, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Ó sọ fún mi pé ẹrù yìí ti pọ̀ jù fún irú ọmọ báyìí, ṣé n kò lè fi páálí ṣe èyí tó fúyẹ́ fún un ni? Mo la ẹnu láti ṣàlàyé, bí mo ti ń ṣàlàyé ọmọ náà fún gbogbo ayé láti ọdún mẹ́jọ.

Agolo kan dún lórí tábìlì. *N* ni. Òmíràn tẹ̀ lé e, *o*.

Ọ̀gá wò mí pé kí n sọ ohun tó túmọ̀ sí.

"Ẹ má wò mí, Mà," ni mo wí. "Òun ló ń dá yín lóhùn."

Ó yí àga rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi, ó dojú kọ ọmọ náà, ó sì bi í bóyá ó fẹ́ padà wá ní táàmù tó ń bọ̀. Àwa méjèèjì ń wò ó bó ṣe ń fi ọwọ́ rẹ̀ wá *y* láàárín àwọn agolo.