Ẹni Tó Tọrọ Eérú

Ní ọdún 1979, olùkọ́ méjì ni mo lè yàn láti darí ìwádìí mi lórí iṣu ní yunifásítì. Àwọn méjèèjì bá mi dé oko bàbá mi ní Ogbooro lọ́jọ́ kan náà. Bàbá mi ń gé èèbù iṣu, ó ń ti ojú ibi tó gé bọ inú eérú kó tó gbìn ín.

Èyí tó lókìkí nínú àwọn olùkọ́ náà bú sẹ́rìn-ín. Ó fi Òyìnbó sọ fún mi pé àìmọ̀kan ni. Ó ṣe mí bíi pé kí n fi ọkọ́ lé e kúrò lóko, àmọ́ máàkì mi ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì lóṣòó ti bàbá mi. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, kí ni eérú yìí wà fún?"

"Kì í jẹ́ kó jẹrà."

"Ṣé ẹ ti gbìn ín láìsí eérú rí?"

Bàbá mi wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. "Kí n fi iṣu mi ṣòfò, kí n lè mọ ohun tí mo ti mọ̀?"

Ọkùnrin náà tọrọ ebè mẹ́wàá àti eérú díẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó gbin márùn-ún pẹ̀lú eérú, márùn-ún láìsí i.

Lẹ́yìn oṣù méjì, òun nìkan ló padà wá. A tú ebè náà: àwọn tó ní eérú ti ta gbòǹgbò, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ti jẹrà. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun rẹ̀. "Baba, ẹ jàre."

Ọjọ́ náà ni mo yan ọ̀gá mi. Nígbà tí mo ń padà sílé ìwé, bàbá mi rọ eérú kún agolo mílíìkì kan fún mi.

"Fún ọ̀gá rẹ. Sọ fún un pé kó má kàn gbà mí gbọ́ o. Kó tún un dán wò."