Ojú Kọ̀ǹpútà Tí Ìyá Ìgbésẹ̀ Pa

Inú ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyá Ìgbésẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò bí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹgbẹ́ náà kò ní gbọ̀ngàn, kò ní àga. Lẹ́tà ni wọ́n ń kọ síra wọn lórí ayélujára, wọ́n lé ní igba èèyàn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì tíì bọ ara wọn lọ́wọ́ rí. Ohun tó kó wọn jọ ni òǹkàwé, ìyẹn ètò tó máa ń ka ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà sí wọn létí. Bí òǹkàwé bá dákẹ́, iṣẹ́ dákẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ọjọ́ tí àléébù bá wọ inú rẹ̀, ariwo á sọ nínú ẹgbẹ́ náà bíi pé ilé ń jó.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní òfin. Ẹni tó bá fẹ́ ròyìn àléébù gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀dà òǹkàwé tó ń lò, kó yọ gbogbo àfikún tó ti kó sínú rẹ̀, kó tún un dán wò, kó wá to ìgbésẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ láti orí bọ́tìnnì àkọ́kọ́ tó tẹ̀ títí dé ibi tí ohùn ti dákẹ́, kí ẹlòmíràn lè tẹ̀ lé e lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Wọn kì í fi àwòrán ránṣẹ́. Ta ni yóò wò ó? Wọn kì í bú àwọn tó ń tún òǹkàwé ṣe, torí ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ẹni tó bá sì ṣi ẹnu sọ sí ẹnìkejì, ojú gbogbo ẹgbẹ́ ló ti gbọ́dọ̀ bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀. "Ẹ" ni wọ́n ń pe gbogbo èèyàn níbẹ̀, nítorí lẹ́tà kì í sọ ọjọ́ orí ẹni.

Ìyá Ìgbésẹ̀ ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú òfin náà, òun náà ló sì ń ṣọ́ ọ. Bí àlejò kan bá wọlé tó kọ pé, "Ẹ gbà mí, kò ka nǹkan kan fún mi," kò ní pẹ́ tí ìdáhùn yóò fi dé, ọ̀rọ̀ méjì péré: "Ìgbésẹ̀ dà?" Kò sí ẹ káàbọ̀, kò sí ẹ kú ìrọ́jú. Àwọn kan á to ìgbésẹ̀ wọn wá. Àwọn mìíràn á bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, wọn ò sì ní gbúròó wọn mọ́. Ó dá a lójú pé iṣẹ́ rere lòun ń ṣe. Mi ò ní kì í ṣe iṣẹ́ rere o, àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì yẹn le bí òkò.

Ní ilé, ọmọ kan ṣoṣo tí aránṣọ kan bí ni. Ojú rẹ̀ lọ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìyá rẹ̀ sì sọ lọ́jọ́ náà pé ọmọ òun kò ní jókòó sílé kẹ́nikẹ́ni máa ṣàánú rẹ̀. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì báyìí. Ní ọjọ́ tí kò bá lọ sí ọ́fíìsì, yàrá iwájú làwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́, ìyá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọmọ nídìí kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò sí ọjọ́ tí ìyá náà máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ mú òwú kó má sọ pé, "Kọ̀ǹpútà ẹ ti kú o." Ọmọ á dáhùn láìronú pé kò kú, òun pa ojú rẹ̀ ni. Ìyá á ní òun ti gbọ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, á tún sọ ọ́.

Òótọ́ ni pé ó pa á. Òǹkàwé ní bọ́tìnnì kan tó máa ń sọ ojú kọ̀ǹpútà di dúdú kirikiri, tí ohùn á sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Afọ́jú tó bá ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tó ríran ló mọ bó ṣe wúlò tó. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, akẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní ọ́fíìsì dúró sẹ́yìn rẹ̀ láìhú, láìfọ̀, ó ka lẹ́tà tí dókítà kọ sí i láti òkè délẹ̀. Kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, èèyàn mẹ́ta ti wá kí i kú àìlera tí kò sọ létí ẹnì kankan. Láti ọjọ́ yẹn ló ti pa ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì búra pé ẹnikẹ́ni ò ní ti ẹ̀yìn ka ọ̀rọ̀ òun mọ́. Ìyẹn ti pẹ́ débi pé ó ti gbàgbé pé kọ̀ǹpútà tiẹ̀ lójú.

Ọ̀rọ̀ wá dé. Ọ́fíìsì tó ń bá ṣiṣẹ́ ló ń ṣe ètò táwọn ilé ìwòsàn fi ń to àwọn aláìsàn sórí ìlà. Wọ́n pààrọ̀ ohun èlò tí gbogbo wọn fi ń kọ ètò, wọ́n mú tuntun wọlé. Èyí tuntun yìí ní àpótí kan nísàlẹ̀ tó máa ń to gbogbo àṣìṣe inú ohun téèyàn bá kọ jọ, kó lè tún un ṣe kó tó fi ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ẹ̀dà tuntun òǹkàwé jáde. Ìyá Ìgbésẹ̀ tẹ bọ́tìnnì kó gbọ́ ohun tó wà nínú àpótí náà, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn létí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rí ogójì àṣìṣe, òun ò gbọ́ ẹyọ kan. Ìgbà méjì ló fi iṣẹ́ tó kún fún àṣìṣe ránṣẹ́. Ìgbà kẹta, ọ̀gá ní kó wá rí òun.

Ọ̀gá náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní òun mọ iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ àwọn yòókù ò lè máa bá a yẹ iṣẹ́ wò lójoojúmọ́. Ó fún un di ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kò bá tíì lè ka àpótí àṣìṣe fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun á dá a padà sídìí tẹlifóònù. Ọ̀rọ̀ yẹn gún un dé egungun. Ìdí tẹlifóònù ni wọ́n fi í sí nígbà tó kọ́kọ́ dé, ọdún méjì gbáko ló fi ń sọ pé "ẹ dúró díẹ̀" fún àwọn tí kò mọ̀, ọdún mẹ́ta mìíràn ló sì fi jà kó tó kúrò níbẹ̀. Kò ní padà. Ó sọ ọ́ sókè lọ́nà ilé, ẹni tó ń bọ̀ níwájú yà fún un.

Orí rẹ̀ gbóná nígbà tó délé. Kò bọ́ bàtà tó fi jókòó, ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà pé: "Òǹkàwé tuntun yìí ò ṣiṣẹ́. Àpótí àṣìṣe ò sọ̀rọ̀ rárá. Bàbá Olóhùn, bóyá o kì í fi etí ara rẹ gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kó o tó gbé e fún wa." Bàbá Olóhùn ni afọ́jú tó ń bójú tó òǹkàwé náà lọ́fẹ̀ẹ́. Bó ṣe máa ń sọ ìtàn àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́, yóò ti ju ìyá Ìyá Ìgbésẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Kò kọ ẹ̀dà, kò to ìgbésẹ̀, ó bú alátùn-únṣe, ó tún pe àgbàlagbà ní "o". Gbogbo òfin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló rú nínú ìlà mẹ́ta.

Kí ìyá rẹ̀ tó ran apá aṣọ kan tán, èsì mọ́kànlá ti wọlé. Ọ̀rọ̀ méjì náà ló wà nínú mọ́kọ̀ọ̀kànlá: "Ìgbésẹ̀ dà?" Ohùn òǹkàwé kì í bínú, kì í sì í rẹ́rìn-ín, bákan náà ló ka gbogbo rẹ̀ sí i létí, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Bàbá Olóhùn kò kọ nǹkan kan. Èyí ló dùn ún jù.

Inú kọ́kọ́ bí i, lẹ́yìn náà ojú tì í, lẹ́yìn náà ló fà á le. Ó ṣe ohun tó ti ń ní káwọn èèyàn ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ó yọ gbogbo àfikún, ó pààrọ̀ ohùn, ó nu òǹkàwé kúrò pátápátá, ó tún un gbé sórí. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é. Ìyá rẹ̀ ní ṣé ó fẹ́ fi ìka lu kọ̀ǹpútà náà já ni. Ní Ọjọ́rú, ó fi ìgbésẹ̀ mọ́kàndínlógún ránṣẹ́, tó mọ́ lóló. Èèyàn márùn-ún dán an wò. Àwọn mẹ́rin ní àpótí náà ń sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́dọ̀ àwọn. Ẹnì kan péré ló ní ti òun náà yadi, òun ò sì mọ ìdí. Jímọ̀ ti ku ọ̀túnla.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó wà nídìí kọ̀ǹpútà, ó ti tẹ bọ́tìnnì títí ìka ń ro ó. Ìyá rẹ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá lọ mú òwú.

"Kọ̀ǹpútà ẹ ti kú o."

Ó ní kò kú, òun pa ojú rẹ̀ ni, bó ti máa ń wí, ó sì gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ìgbésẹ̀ mọ́kàndínlógún, pípa ojú kọ̀ǹpútà kò sí níbẹ̀. Ohun tó máa ń ṣe láràárọ̀ kó tó jókòó dáadáa ni, kò sì kà á sí ìgbésẹ̀ rí. Ó tẹ bọ́tìnnì náà, ojú kọ̀ǹpútà là, ó ṣí àpótí. Ohùn tú jáde bí omi ẹ̀rọ: àṣìṣe mẹ́rìnlélógójì.

"Ó ti jí," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì mú òwú rẹ̀ lọ.

Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Bí òǹkàwé tuntun yìí bá dé ibi tí kò ti rí ọ̀rọ̀ gbà, á gbìyànjú láti wo àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, kó ka ohun tó bá rí níbẹ̀. Òun ló ti fi aṣọ dì í lójú. Òkùnkùn ló rí, ló bá dákẹ́.

Ó lè dákẹ́ báyìí náà. Kó ṣí ojú kọ̀ǹpútà, kó lọ sí ọ́fíìsì, kó gba iṣẹ́ rẹ̀, káwọn lẹ́tà mìíràn sì bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ta ló máa mọ̀? Ó rò ó, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ó rántí ẹni kan tí tirẹ̀ náà yadi. Ẹni yẹn náà á ní ọ́fíìsì tirẹ̀, á sì ní èèyàn tó ń yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Ó fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra, ó kọ ọ́ síbi tó ti bú èèyàn:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo jẹ̀bi. Ojú kọ̀ǹpútà mi wà ní pípa, mi ò sì kọ ọ́ sínú ìgbésẹ̀ mi nítorí mo ti gbàgbé pé mo ń pa á. Bàbá Olóhùn, gbangba ni mo ti bú yín, gbangba náà ni mo ti ń bẹ̀ yín. Mi ò ní àwáwí. Ẹ̀yin tí mo ti fi ọ̀rọ̀ méjì lé jáde níbí, mo bẹ̀yin náà, bí ẹ bá ṣì ń ka lẹ́tà wa." Ó wá to ìgbésẹ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀, ó ti di ogún báyìí. Àkọ́kọ́ ni: ẹ pa ojú kọ̀ǹpútà yín.

Èsì bàbá náà dé kí oòrùn tó wọ̀. "Ọmọ mi, mo gbọ́. Mo máa ń fi etí ara mi gbọ́ iṣẹ́ mi, ojú kọ̀ǹpútà ni mi ò pa rí. Èmi nìkan ni mò ń gbé, ta ló fẹ́ yọjú wò mí? Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Òǹkàwé tí kò bá rí nǹkan kan, ó yẹ kó lè sọ pé òun ò rí nǹkan kan. Màá tún un ṣe, àmọ́ kò lè yá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ máa ṣí ojú rẹ̀ lò ná."

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Ọ̀gá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wá dúró sẹ́yìn àga rẹ̀. Ó gbọ́ bí bàtà wọn ṣe ń sún mọ́ ọn. Ó tẹ bọ́tìnnì, ojú kọ̀ǹpútà là fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún mẹ́fà nínú ọ́fíìsì yẹn. Ó retí kí ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn ju bó ti yẹ lọ, ló bá tẹ bọ́tìnnì mìíràn kó mọ ibi tóun wà. Ohùn náà sọ sí i létí pé: "Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo jẹ̀bi."

Èsì bàbá náà ló ń tún kà láàárọ̀, lẹ́tà tirẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń kà á. Ọwọ́ rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀ sórí bọ́tìnnì òkùnkùn, ìka rẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Ó ku kó tẹ̀ ẹ́. Ó gbé ìka náà kúrò, ó gbé ọwọ́ lé itan.

"Ẹ kà á tán, sà," ló wí. "Mo lè dúró."

Ọ̀gá wúkọ́ díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní àwọn ti kà á tán.

Ó yọ ohun ìgbọ́hùn kúrò lára kọ̀ǹpútà kí ohùn lè jáde sínú yàrá, ó sì ṣí àpótí. Àṣìṣe mẹ́tàdínlógún ni. Ó tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo wọn, kò yára, kò sì fa ẹsẹ̀, títí ohùn náà fi sọ pé kò ku ọ̀kan. Ọ̀gá ní ó ti tó, kó máa lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ní ìdí iṣẹ́ òun lòun wà.